Lẹ́tà Ọjọ́ Iwájú Lára Pátákó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe pátákó àti bánà ní Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá àti Àkànrán, mo rí i pé lẹ́tà oníròbótó àti onígun, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọjọ́ iwájú, ló wù yín jù. Kò burú. Àmọ́ ẹ má pè é ní tuntun. Láti 1927 ni ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ti gbé fọ́ǹtì Futura jáde, iṣẹ́ ọwọ́ Paul Renner, tó fi òbìrìkítí àti ìlà gbọọrọ ṣe. Òun ni wọ́n fi kọ̀wé sára irin pẹlẹbẹ tí Apollo 11 gbé lọ sí òṣùpá ní 1969. Ó ju àwọn bàbá yín lọ lọ́jọ́ orí.

Orúkọ ni irú lẹ́tà yìí wà fún, kì í ṣe àlàyé. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó tóbi, ó tán. Ó yẹ ẹni tó ń ta sólà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, àti ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù, ẹ fi lẹ́tà tí kò ní àrà kọ wọ́n. Bí ẹni tó ń ta oògùn apakòkò fún àwọn àgbẹ̀ bá gbé iṣẹ́ wá, ẹ má fi lẹ́tà oge kọ ìkìlọ̀ májèlé. Ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀.

Ẹ wo lógò NASA ti 1975: A inú rẹ̀ kò ní ìlà àárín. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni, ayé sì ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ṣe orúkọ oníbàárà yín bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dúró kà á? E onílà mẹ́ta tí kò ní òpó tún burú jù: bí àmì bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ojú á dàrú.

Kí ẹ tó dá iye owó, ẹ kọ́kọ́ fi fọ́ǹtì tí ẹ fẹ́ lò tẹ orúkọ bíi Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà àti Ọlọ́runṣògo wò, bóyá ó ní àwọn lẹ́tà wa. Fọ́ǹtì tó bá gba èdè Vietnam á ní ẹ àti ọ, torí àwọn tó ń kọ èdè náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà bíi tiwa. Ṣùgbọ́n èdè Vietnam kò ní ṣ. Lẹ́tà alámì tí kò bá sí nínú fọ́ǹtì, ẹ mú àmì ìdánudúró fọ́ǹtì náà gan-an sábẹ́ lẹ́tà, kí wọ́n lè bára mu. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di curves nínú CorelDRAW, kí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń tẹ flex má baà fi fọ́ǹtì mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó ń fọwọ́ kọ ọ́, kọ́ńpáàsì nìkan kò tó. O tó bá ga dọ́gba pẹ̀lú H á kéré lójú. Ẹ jẹ́ kó yọ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Kí ìlà ìbú tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ju ìlà òró lọ. Íǹṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni ìwọ̀n gíga: ọlọ́kadà tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 100 nílò lẹ́tà íǹṣì 10.

Ẹ ka àṣẹ fọ́ǹtì kí ẹ tó lò ó. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni fún ara ẹni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ owó ń bèèrè owó.

Kí ẹ tó gba owó yín, ẹ sọdá sí òdìkejì títì. Bí ẹ kò bá lè ka orúkọ náà ní kíá láti ibẹ̀, ẹ tún un ṣe.