Ẹrú, Ìwọ̀fà tàbí Ọmọ Ọ̀dọ̀? Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí Fílémónì àti Àwọn Tí Wọ́n Gbógun ti Òwò Ẹrú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, igbe ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Òwe yìí ti wà lẹ́nu mi láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò ronú sí i títí di ọjọ́ tí olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ọ̀rọ̀ kan pé kí a lọ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú Bíbélì Yorùbá. Ẹnì kan gba "àánú", ẹnì kan gba "ìlú". Èmi gba "ẹrú". Inú mi kò kọ́kọ́ dùn sí i. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ó gbà mí ní ìsáà ẹ̀kọ́ kan gbáko, ó sì gbé mi dé ibi tí n kò rò: ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fi ìwé kíkọ bá òwò ẹrú jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di mí lọ́nà ni lẹ́tà tí àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì. Nínú gbogbo lẹ́tà tí ó jẹ́ ti Pọ́ọ̀lù nínú Májẹ̀mú Titun, òun ni ó kúrú jù. Ẹsẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tí ó kọ ọ́. Ọlọ́lá ènìyàn ni Fílémónì, nítorí inú ilé rẹ̀ ni ìjọ ti ń pàdé. Ónẹ́símù jẹ́ ẹrú rẹ̀; ó dé ọ̀dọ̀ Pọ́ọ̀lù, ó di onígbàgbọ́ níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù sì ń dá a padà fún olówó rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó bẹ Fílémónì pé kí ó gbà á, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹrú mọ́ bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí arákùnrin. Ó ní bí Ónẹ́símù bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí ó ka gbèsè náà sí òun lọ́rùn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò san án. Orúkọ Ónẹ́símù pàápàá, "ẹni tí ó wúlò" ni ó túmọ̀ sí ní èdè Gíríìkì, Pọ́ọ̀lù sì fi orúkọ náà ta ọ̀rọ̀ pé ẹni tí kò wúlò tẹ́lẹ̀ ti wá wúlò. Bí Yorùbá bá ń kà á, adùn yìí kò hàn, nítorí orúkọ náà kò sọ nǹkan kan fún wa.

Ohun tí lẹ́tà náà kò sọ pọ̀ ju ohun tí ó sọ lọ. Kò sọ pé Ónẹ́símù sá lọ. Kò sọ pé ó jalè. Kò sọ fún Fílémónì ní gbangba pé kí ó dá a sílẹ̀. Àwọn tí ó ka lẹ́tà náà lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n fi sísá àti olè jíjà kún un, inú àlàfo yìí náà sì ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀.

Ìjà náà ti wà tipẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹrin, John Chrysostom, oníwàásù ńlá nì, wàásù lórí lẹ́tà yìí, ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ tí ó rí fà yọ nínú rẹ̀ ni pé kò yẹ kí a máa gba ẹrú kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kan náà, Gregory ará Nyssa dìde, ó ń wàásù lórí ìwé Oníwàásù, ó sì bi àwọn olówó ẹrú pé èló ni wọ́n san fún ẹni tí a dá ní àwòrán Ọlọ́run. Ẹ wò ó, Kristẹni ni àwọn méjèèjì, bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n. Nígbà tí mo ka èyí ni mo mọ̀ pé kì í ṣe òyìnbó olóko ìrèké ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpọ́sítélì gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọ̀rọ̀ náà gan-an, nítorí èdè ni iṣẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù lò ní èdè Gíríìkì ni "doulos". Ẹrú ni, kò ní ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde ní 1611 kì í fẹ́ pe ẹrú ní ẹrú. Ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún ìránṣẹ́ tí ń gba owó oṣù ni wọ́n ń lò fún ẹrú. Nínú odindi Bíbélì náà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ẹrú gan-an kò jáde ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìwé Jeremáyà, ẹ̀ẹ̀kan nínú Ìfihàn. Èyí ni ó jẹ́ kí olówó ẹrú ní Amẹ́ríkà lè máa pe àwọn ènìyàn tí ó rà lọ́jà ní "ìránṣẹ́" bí ẹni pé wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn wá bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́.

Àwọn tí wọ́n gbógun ti òwò náà mọ̀ pé bí àwọn kò bá gba ìwé àwọn àpọ́sítélì lọ́wọ́ olówó ẹrú, kò sí ibi tí àwọn lè gbà ṣẹ́gun. Granville Sharp, akọ̀wé ìjọba lásán ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó wà lẹ́yìn ẹjọ́ James Somerset tí a dá ní 1772, èyí tí ó fi hàn pé olówó kò lè fi agbára gbé ẹrú rẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1776 ó kọ ìwé kan lórí àwọn ẹsẹ tí ó ní kí ẹrú máa gbọ́ràn. Àlàyé rẹ̀ mú mi lórí: àṣẹ tí a pa fún ẹni tí a ń fìyà jẹ pé kí ó ní sùúrù kì í ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹni tí ń jẹ ẹ́ níyà. Bí a bá sọ fún ẹni tí wọ́n gbá létí pé kí ó mú sùúrù, ta ni yóò sọ pé a ti fún ẹni tí ó gbá a láṣẹ? Ní 1787 Ottobah Cugoano, ọmọ Fántì tí wọ́n jí gbé ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n sì tà sí Grenada, kọ ìwé tirẹ̀, ó sì fi Bíbélì dá àwọn tí ń fi Bíbélì gbe òwò ẹrú lẹ́sẹ̀ lóhùn. Wọ́n tún máa ń di lẹ́tà kìíní sí Tímótì mú, níbi tí a ti ka gbọ́mọgbọ́mọ mọ́ àwọn apànìyàn.

Àwọn ọ̀tá wọn náà kò sùn. Ní 1807, ọdún tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú, wọ́n tẹ Bíbélì kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ẹrú erékùṣù ìwọ̀-oòrùn tí wọ́n wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yọ bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá Májẹ̀mú Láéláé kúrò, wọ́n yọ bí ìdajì Májẹ̀mú Titun. Bí Ísírẹ́lì ṣe bọ́ ní oko ẹrú Íjíbítì kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ tí ó ní kò sí ẹrú, kò sí òmìnira, pé ọ̀kan ni gbogbo wọn, kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ tí ó ní kí ẹrú gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ lẹ́nu kò sọnù o.

Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà sí Fílémónì gan-an ni ó di pápá ogun. Nígbà tí òfin 1850 dé pé kí a máa mú ẹrú tí ó bá sá padà fún olówó rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Bíbélì kan, Moses Stuart, tọ́ka sí i pé Pọ́ọ̀lù náà dá Ónẹ́símù padà. Albert Barnes tí ó kórìíra oko ẹrú ti kọ̀wé ṣáájú ní 1846 pé a kò lè fi lẹ́tà náà jẹ́rìí sí i pé ẹrú ni Ónẹ́símù rárá, pé ó lè jẹ́ alágbàṣe tàbí ọmọ iṣẹ́. Ní èrò tèmi, Barnes fẹ́ gba àpọ́sítélì là, ó sì fi ọ̀rọ̀ dídẹ̀ gbà á. Bí Ónẹ́símù kò bá jẹ́ ẹrú, kí ni agbára wà nínú pé kí a gbà á gẹ́gẹ́ bí arákùnrin?

Àwọn ẹrú fúnra wọn kò dúró de ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Ní 1833, Charles Colcock Jones, oníwàásù aláwọ̀ funfun ní Georgia, wàásù fún ọ̀pọ̀ ẹrú lórí lẹ́tà yìí, ó sì fi orúkọ Pọ́ọ̀lù bẹnu àtẹ́ lu sísá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdajì àwọn tí ń gbọ́ òun dìde, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nínú àwọn tí ó dúró, àwọn kan ní kò sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Howard Thurman náà sọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1949 pé ìyá ìyá òun, tí ó ti ṣe ẹrú rí, kì í jẹ́ kí òun ka ìwé Pọ́ọ̀lù sí i létí, àfi orí tí ó sọ nípa ìfẹ́ nínú lẹ́tà kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Ìdí ni pé oníwàásù olówó rẹ̀ kò mọ ibòmíràn í kà ju ibi tí ó ní kí ẹrú gbọ́ràn lọ.

Nígbà náà ni mo padà sí Bíbélì Yorùbá. Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ ní ti èyí. Ẹrú ni ẹni tí a kó lógun tàbí tí a rà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú: gbèsè ni ó gbé e dé ilé olówó, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé owó náà, ọjọ́ tí wọ́n bá san owó pé ni ó di ẹni ara rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbé pẹ̀lú ẹni, ìránṣẹ́ ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Níbi tí Pọ́ọ̀lù ti pe ara rẹ̀ ní "doulos" Kristi, Bíbélì wa pè é ní ìránṣẹ́. Nínú lẹ́tà sí àwọn ará Éfésù, níbi tí a ti ní kí wọ́n gbọ́ràn, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Ónẹ́símù, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì 1611 ti yọ̀, tiwa kò yọ̀. Ẹrú ni ó wà níbẹ̀, ketekete.

N kò lè ṣàì ronú kan Samuel Àjàyí Crowther, olórí nínú àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì náà. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Lẹ́tà tí ó kọ ní 1837 wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á: ó ka bí wọ́n ṣe fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, tábà àti ọtí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní 1850 ni ìtumọ̀ lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù tí ó ṣe jáde, ní 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá pé. Ní 1846 ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ti Crowther, ọ̀nà náà padà já sí ilé ìyá. Ẹni tí ó jẹ́ ẹrú rí mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹrú àti ìránṣẹ́ ju ẹni tí ó kà á nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n kí n má tan yín. Ìjọ Abẹ́òkúta nígbà náà ní àwọn ọmọ ìjọ tí ó ní ẹrú àti ìwọ̀fà nílé. Nígbà tí James Johnson fẹ́ fi òfin le èyí mọ́lẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1870, ìjà ńlá dé, wọ́n sì gbé e kúrò níbẹ̀ ní 1880. Ohun tí ó fà á kò jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹrú wà nínú wọn. "Ọmọ ọ̀dọ̀" tí ó wà nínú Éfésù náà ṣì ń ṣiṣẹ́ láàárín wa. Etí mi yìí ni ó gbọ́ ọ tí ìyàwó ilé kan fi ẹsẹ náà bá ọmọbìnrin tí ń fọ abọ́ fún un wí. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá.

Nígbà ìsinmi, mo ka lẹ́tà náà sí ìyá mi àgbà létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé Ónẹ́símù jẹ́.

"Ìwọ̀fà ni, ọkọ mi," ni wọ́n dáhùn. "Ta ní í ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹrú? Ẹrú kì í jẹ gbèsè, òun gan-an ni owó. Ìwọ̀fà ni ènìyàn í dúró fún."

Ó yà mí lẹ́nu. Láìka ìwé Barnes, ìyá àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí Barnes dé, ẹ̀rí tiwọn sì lágbára ju tirẹ̀ lọ. Mo sọ fún wọn pé ẹrú ni ìwé pè é. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá sọ fún mi, ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí, pé bàbá wọn sìn ní ìwọ̀fà ní oko kòkó fún ọdún mẹ́fà nítorí owó ìsìnkú, àti pé nínú gbogbo mọ̀lẹ́bí kò sí ẹni tí ó wá dúró fún un.

"Ṣé ọkùnrin náà gbà á?" wọ́n bèèrè. "Fílémónì yẹn."

Mo ní lẹ́tà náà kò sọ. Mo ní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì, Ignatius dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù kan ní Éfésù tí ń jẹ́ Ónẹ́símù, àwọn kan sì gbà pé òun náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni wọ́n rí dì mú.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Tún ibi tí ó ti ní òun fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́ kà fún mi."

Mo ṣí i padà, mo sì tún un kà.