Àyìnlá, Má Torí Houston Sẹ́ Kétu

Àyìnlá ọmọ mi,

  

Ìyá rẹ, àbúrò mi, ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìkómọjáde tí ẹ lọ fún mi. Ó ní àgbàlagbà kan fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwùjọ pé o lè ka orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Astros, ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù Houston, láì mí, ṣùgbọ́n o kò lè dárúkọ ẹni mẹ́ta nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó ní inú bí ọ, o sì fèsì pé ìwọ kì í ṣe ọmọ Kétu, ọmọ Houston ni ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. Àgbàlagbà náà ṣì ọ́ wí, ìwọ náà sì ṣì í dá lóhùn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà rẹ ná.

Houston ni wọ́n ti bí ọ, ibẹ̀ lo ti ń lọ sílé ìwé. Nígbà tí ìjì Harvey dé ní oṣù kẹjọ 2017, tí omi bo ìlú yín, àwọn ará àdúgbò yẹn ló gba ẹ̀yin àti ẹrù yín sílé. Ta ni yóò wá sọ pé kí o má fẹ́ràn ẹgbẹ́ ìlú tí ẹ jọ rí omi? Mo wà lọ́dọ̀ yín ní 2022, mo sì rí i fúnra mi. O jókòó tì mí, o ń ṣàlàyé béésíbọ́ọ̀lù fún mi díẹ̀díẹ̀, ta ló ń jù ú, ta ló ń hán an, kí ló dé tí ẹni tó ń fi igi gbá a fi ń padà lọ jókòó láìgbá nǹkan kan. Nígbà tí Yordan Alvarez wá gbá ti rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù náà fò kọjá orí gbogbo wọn, o dì mọ́ mi títí gèlè mi fi já bọ́. Ìwọ lo sọ fún mi pé àwọn mẹ́ta ló wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn. Astros na Phillies 4 sí 1 lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gba ife, mo sì sunkún pẹ̀lú rẹ. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ẹni tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni Dusty Baker, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, àgbà ọkùnrin ẹni ọdún 73 tó máa ń ki igi ìtayín sẹ́nu bí àwọn bàbá wa ṣe ń ki orín. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń darí ẹgbẹ́ kan dé òmíràn, ọdún yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife àgbà gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ṣùgbọ́n o mọ ìdí tí wọ́n fi pè é wá sí Houston, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀.

Ife tí Astros gba ní 2017, lẹ́yìn omíyalé, tí gbogbo ìlú fi ń jó, a wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọwọ́ wọn kò mọ́ ní ọdún yẹn. Wọ́n fi kámẹ́rà wo àmì ọwọ́ tí ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù ń ṣe sí ẹni tó ń jù ú. Ẹnì kan yóò sì lu àgbá ìdalẹ̀sí gbòì gbòì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí ẹni tó di igi mú lè mọ irú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀. Ní oṣù kìíní 2020, àwọn aláṣẹ béésíbọ́ọ̀lù bu ìtanràn mílíọ̀nù 5 dọ́là lé ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ìgbà náà, A. J. Hinch, àti ọ̀gá àgbà wọn, Jeff Luhnow, lọ jókòó sílé fún ọdún kan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ lé àwọn méjèèjì. Ìgbà náà ni wọ́n lọ pe Baker pé kó wá bá wọn tún ilé ṣe.

Nígbà tí mo bi ọ́ nípa rẹ̀, o ní, "Ìyá àgbà, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ṣe é." Mi ò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà, nítorí inú rẹ dùn, n kò fẹ́ bà á jẹ́. Mo ń dá ọ lóhùn nísinsìnyí. Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ nípa 2017, sọ pé wọ́n ṣe èrú, ó dùn ọ́, o sì ṣì wà lẹ́yìn wọn. Gbólóhùn mẹ́ta yẹn lè wà lẹ́nu èèyàn kan náà láìsí pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Ọmọ tó bá ń parọ́ nítorí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yóò parọ́ nítorí ohun mìíràn lọ́la, n kò sì fẹ́ ìyẹn fún ọ.

Ó wá ku èsì tí o fọ̀ yẹn, pé o kì í ṣe ọmọ Kétu.

Àyìnlá, ọmọ Ìmẹ̀kọ ni ìyá tó bí èmi àti ìyá rẹ. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé láàárín ara wọn, wọ́n sì fa ààlà la ilẹ̀ Alákétu kọjá. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, ó wà ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí; Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà ní Nàìjíríà. Ahoro ni Kétu wà lásìkò yẹn, nítorí ogun Dàhòmì ti kó o ní 1886, ó sì di 1894 kí àwọn èèyàn wa tó padà wá tún un tẹ̀dó. Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ la ti bí wa, ìlú tó jó tí wọ́n padà wá kọ́, tí wọ́n sì pín sí méjì. Kò sí ìgbà kan tí ìyá wa ní kí a yan ọ̀kan nínú Kétu àti Ìmẹ̀kọ.

Ọjọ́ tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà bá pàdé lo máa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà 2024, wọ́n gbá a ní Abidjan, nítorí wọn ò tíì fọwọ́ sí pápá Kútọnu. Àwọn mọ̀lẹ́bí wa láti Ìmẹ̀kọ tó wá ná ọjà sùn sílé mi mọ́jú. A gbé tẹlifísọ̀n síta, àwọn tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé ti Nàìjíríà wà lórí ẹní kan, àwọn tiwa wà lórí àga. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ gbá a wọlé, ẹní sì kún fún ariwo. Jodel Dossou dá a padà, Steve Mounié sì fi ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kún un kí wọ́n tó lọ sinmi. 2 sí 1 ló parí sí. Inú abọ́ kan náà la ti jẹun lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹwàá 2025, àwa ló kàn. Bẹ̀nẹ̀ ló wà lókè ìsọ̀rí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ sí Uyo, Ife Àgbáyé ti ń ta sánsán sí wa nímú. Nàìjíríà na wá 4 sí 0, Osimhen nìkan gbá mẹ́ta wọlé, Gúúsù Áfíríkà sì gba àyè náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìmẹ̀kọ pè mí lálẹ́ yẹn, "Ẹ kú ìrọ́jú, Màámi" ló kọ́kọ́ sọ, kó tó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an.

Wo àwọn tó wà lórí pápá fúnra wọn. Tosin Aiyegun tó gbá góòlù tí Bẹ̀nẹ̀ fi na Rwanda ní Kigali lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú ti Uyo, Èkó ni wọ́n ti bí i. Gernot Rohr tó darí Bẹ̀nẹ̀ lọ sí Uyo ti darí Nàìjíríà rí. Ní Houston tìrẹ ńkọ́? Ta ló gba ife básíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ fún yín ní 1994, tó tún gba òmíràn tẹ̀ lé e ní 1995? Hakeem Olajuwon ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó, tó jẹ́ aṣọ́lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ó di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1993, ó bá wọn gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996. N kò gbọ́ kí ará Èkó kan sọ pé kì í ṣe tiwa mọ́, ará Houston kò sì sọ pé àlejò ni.

Ohun kan tún wà tí o gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn, bí o tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé. Ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà ní ẹni tó ni ín. Bàbá rẹ ló sọ fún mi pé Houston ní ẹgbẹ́ mìíràn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Oilers, tí wọ́n ń gbá irú bọ́ọ̀lù tí ẹ ń gbé sápá sá yẹn. Bud Adams tó ni ín kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Tennessee ní 1997. Àwọn tó ti wọ aṣọ wọn láti kékeré kàn jí lọ́jọ́ kan tí wọn ò ní ẹgbẹ́ mọ́, títí Texans fi bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Nítorí náà, bí o bá ní ọmọ Houston ni ọ́, jẹ́ kó jẹ́ nítorí àwọn ará àdúgbò tó gbà yín sílé nígbà omíyalé. Kétu ní tirẹ̀ kò ní olówó tó lè tà á.

Lọ bẹ àgbàlagbà yẹn. Kì í ṣe pé o jẹ̀bi lórí Astros o; torí pé o gbé ohùn sókè sí i ni. Ní ti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń ta lórí fóònù, n kò ní àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn: má ta á. Mo mọ àwọn ọmọ tó ti fi owó ọjà ìyá wọn ta á níbí.

Kí o sì kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwa. Guépards ni wọ́n ń jẹ́ láti 2022, ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti orí Mounié, tí wọ́n bí ní Parakou. Lẹ́yìn ìyẹn, wá ìdíje Ife Áfíríkà 2019 ní Íjíbítì wò, bí wọ́n ṣe ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìborí ẹnikẹ́ni, bí Ziyech ti Mòrókò ṣe gbá pẹnárítì lu igi góòlù nígbà tí eré fẹ́ parí, tí Bẹ̀nẹ̀ fi pẹnárítì lé Mòrókò lọ sílé. Sènégà ló dá wa dúró ní ìpele tó tẹ̀ lé e, 1 sí 0. Tí wọ́n bá tún máa gbá bọ́ọ̀lù, pè mí lórí WhatsApp kó tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ṣàlàyé fún ọ lọ́jọ́ náà, ní Yorùbá, kí ìwọ náà sì máa fi Yorùbá dá mi lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ àgbà, ní Kétu