Egbò Ẹ̀bá Ètè: Ohun Tí Ó Jẹ́, Bí Ó Ṣe Ń Ranni àti Ẹni Tí Ó Yẹ Kí A Dáàbò Bò

Ní ìlú Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, kì í ṣe ohun tuntun kí ènìyàn jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́, kí ó sì bá ìléròrò kéékèèké lẹ́bàá ètè rẹ̀. Bí ó bá dé ibi ìpàdé, ẹni kan yóò ní, "Ibà ló yọ sí yín lẹ́nu yẹn, ẹ lọ ra oògùn ibà." Ẹlòmíràn kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n yóò rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí ó ti gbọ́ pé àrùn oníṣekúṣe ni. Ìmọ̀ràn ẹni àkọ́kọ́ lè mú ni náwó lásán; ìwà ẹnì kejì ń ba ìrẹ́pọ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì gbàgbé ẹni tí egbò yìí léwu fún jù lọ, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀: ọmọ tuntun.

Kí ni ó ń fa egbò yìí?

Kòkòrò àrùn kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní herpes simplex, irú kìíní. Kì í ṣe kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, kì í sì í ṣe kòkòrò HIV. Bí ó bá ti gba ètè tàbí ẹnu wọ ara, yóò tọ iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ, yóò sì fara pamọ́ sí ìdí iṣan ojú. Níbẹ̀ ni yóò máa sùn títí ọjọ́ ayé ẹni náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé e kiri tí egbò kò yọ sí lẹ́nu rí. Fún àwọn mìíràn, ó máa ń jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lára ohun tí ń jí i ni ibà, ọ̀fìnkìn, oòrùn tí ó mú gan-an, àárẹ̀, ìdààmú ọkàn àti nǹkan oṣù obìnrin. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń dá ibà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ibà kọ́ ni ó bí egbò náà. Ibà kàn jí i lójú oorun ni. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó lo oògùn ibà. Ẹni tí egbò ètè nìkan yọ sí lára, tí ara rẹ̀ kò gbóná, kò nílò oògùn ibà rárá.

Bí egbò náà yóò bá yọ, ètè yóò kọ́kọ́ máa yún ni tàbí kí ó máa ta ni. Lẹ́yìn èyí, ìléròrò yóò yọ ní ìdìpọ̀, yóò bẹ́, omi yóò jáde, yóò sì sé èépá. Ó sábà máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Báwo ni ó ṣe ń ranni?

Ìfarakanra ẹnu ni ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù: ìfẹnukonu, itọ́, tàbí kí ara kan egbò náà. Ìgbà èwe ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti ń kó o, láti ọ̀dọ̀ òbí, ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó fi ìfẹ́ fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2015 fi hàn pé, nínú àwọn ará Áfíríkà tí ọjọ́ orí wọn kò tó 50, bí 87 nínú 100 ni kòkòrò yìí wà lára wọn. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe gan-an pé ohun tí ẹni tí ó fa àga sẹ́yìn ń sá fún ti wà lára òun náà.

Òtítọ́ ni pé ẹni tí egbò wà lẹ́nu rẹ̀ lè fi ẹnu kó àrùn náà ran ojú ara ẹnì kejì rẹ̀. Kí tọkọtaya ṣọ́ra títí yóò fi jinná. Ṣùgbọ́n egbò ètè kì í ṣe ẹ̀rí ìṣekúṣe. Kò tọ́ kí a tìtorí rẹ̀ tú ìgbéyàwó ká tàbí kí a lé ayálégbé jáde. Jíjókòó pọ̀ tàbí wíwọ ọkọ̀ kan náà kò lè kó o ranni.

Ìgbà tí ìléròrò bá ń ṣomi ni ó ń ranni jù. Ní àkókò yẹn, kí onítọ̀hún ní ife, síbí, aṣọ ìnura àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tirẹ̀. Kí a má ṣe gbé igbá ẹmu kan láti ẹnu dé ẹnu.

Ọmọ tuntun ńkọ́?

Agbára tí ara ìkókó fi ń gbógun ti àrùn kò tíì gbó, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí kòkòrò yìí bá ràn án, ó lè wọ ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ sì ni ọjọ́ tí ọwọ́ àti ẹnu púpọ̀ máa ń kan ọmọ. Àgbà yóò tọ́ iyọ̀ wò, yóò fi ìka kan náà kan ètè ọmọ. Àwọn àlejò yóò gbà á mọ́ra, wọn yóò sì fẹnu kò ó lẹ́nu.

Kò sí ẹni tí ó ní kí a pa àṣà yìí tì. Àdúrà ni ọkàn àṣà náà, àdúrà kò sì dín kù bí òbí ọmọ bá bá a tọ́ ohun àdúrà náà wò. Oyin fúnra rẹ̀ kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Kí ẹni tí yóò gbé ọmọ fọ ọwọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fẹnu ko ìkókó lẹ́nu. Kí ẹni tí egbò wà lẹ́nu rẹ̀ sì ṣàdúrà láti ibi ìjókòó rẹ̀. Ìyá tí egbò wà ní ètè rẹ̀ lè máa fún ọmọ lọ́mú bí egbò kò bá sí ní ọmú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fọ ọwọ́, kí ó bo ẹnu, kí ó má sì fẹnu ko ọmọ.

Bí ìkókó bá kọ ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ó rọ jọwọrọ, tí gìrì mú un tàbí tí ìléròrò yọ sí i lára, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìtọ́jú

Kò tíì sí oògùn tí ó lè fa kòkòrò yìí tu kúrò lára. Oògùn acyclovir lè mú kí egbò tètè jinná bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ètè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yún. Kí a bi òṣìṣẹ́ ìlera léèrè kí a tó lò ó. Kí a má ṣe fi ọwọ́ tú ìléròrò, kí a má sì fi ọwọ́ tí ó kan egbò kan ojú. Bí ojú bá pọ́n tí ó sì ń dunni, tàbí bí egbò bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí a lọ rí oníṣègùn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó ń fa egbò ètè àti ohun tí ó ń jí i?
2. Báwo ni ẹgbẹ́ yóò ṣe gbèjà ọmọ ẹgbẹ́ tí a ń fi egbò ètè kẹ́gàn?
3. Ta ni yóò máa kìlọ̀ fún àwọn àlejò níbi ìsọmọlórúkọ, ọ̀rọ̀ wo ni yóò sì lò tí kò fi ní dójú ti ẹnikẹ́ni?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé egbò wà lẹ́nu òun, tí ó sì fi tìfẹ́tìfẹ́ gbé ọmọ padà fún ìyá rẹ̀ láìfẹnu kò ó, ti ṣe ojúṣe àgbà. Ẹgbẹ́ tí kò sì fi egbò náà kàn án lábùkù ni yóò mú kí ó rọrùn fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀.