Ẹ̀KỌ́ ILÉ: BÁSÉÈNÌ TÓ Ń JÒ

Àwa tí a gba yàrá ní Minna mọ̀ pé owó púlọ́mbà lè jẹ́ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Kí a tó pè é, ẹ jẹ́ kí a wo abẹ́ báséènì fúnra wa.

Èkíní, ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ nu páìpù gbẹ. Ẹ da omi sí báséènì, kí ẹ máa fọwọ́ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan láti òkè wá. Ibi tí omi ti kọ́kọ́ yọ ni àìsàn wà. Ibi tó ń kán sí lè jìnnà sí i.

Èkejì, ẹ tú nọ́ọ̀tù ibẹ̀, kí ẹ yọ wọ́ṣà rọ́bà inú rẹ̀. Bí ó bá ti le tàbí ya, ẹ mú un lọ sọ́jà láti fi ra irú rẹ̀ gan-an.

Ẹ̀kẹta, ẹ dá a padà, kí ẹ fi ọwọ́ lásán fún un le. Sípánà a máa sán nọ́ọ̀tù oníke.

Ẹ má ṣe fi páìpù tààrà rọ́pò èyí tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Alexander Cumming, aláago ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ lórí irú títẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ilé ìgbẹ́ olómi ní 1775. Omi tó dúró síbẹ̀ ló ń dènà òórùn. Bí a bá lo ọlidé pẹ́ lásìkò ọyẹ́, omi náà á gbẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá padà dé tí yàrá ń rùn, ẹ kọ́kọ́ da ife omi kan síhò báséènì.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.