Wíwú Tí Kì Í Ṣe Eéwo

Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín, ní apá àtàǹpàkò. Ṣé ẹ rí i pé ó ń lù? Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ló ń kọjá nínú iṣan. Iṣan ẹ̀jẹ̀ dà bí rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́. Bí ojú kan lára rọ́bà bá fẹ́lẹ́, tí a sì fún un ní afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni yóò wú.

Kòkòrò HIV lè sọ ara iṣan di fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn dókítà ti rí i lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àní lára àwọn tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó lè wú ní ọrùn tàbí ní itan. Nígbà mìíràn ó máa ń ju ojú kan lọ.

Ibi tó ń bà wá lẹ́rù nìyí o: ẹni tí kò mọ̀ á ní eéwo ni, á ní kí a fi abẹ là á. Háà! Ẹ̀jẹ̀ ni yóò tú jáde, ó sì lè pa ènìyàn kí a tó rí mọ́tò. Bí wíwú kan bá ń lù bí ọrùn ọwọ́ ti ń lù, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi aṣọ gbígbóná lé e. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Tẹ́lẹ̀, àfi kí dókítà la ara gbàràgàdà. Ní 1953, dókítà ará Sweden kan, Sven Seldinger, fi han ayé bí a ti lè fi abẹ́rẹ́ àti wáyà tínínrín ti rọ́bà wọ inú iṣan. Ní 1990, Juan Parodi ní Argentina gba inú iṣan itan tún iṣan ńlá inú ikùn tó wú ṣe. Lónìí wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó ní HIV pẹ̀lú.

Wọ́n á kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Wáyà á gba ihò kékeré wọlé, ẹ̀rọ X-ray á sì máa fi ọ̀nà hàn. Ẹnìkan bi wá pé, ṣé wáyà náà kò ní gún inú iṣan ni? Orí rẹ̀ rọ̀. Òun ló ń ṣe amọ̀nà fún ọ̀pá kékeré tí a fi irin àti aṣọ ṣe, tí a ká bí agbòòrùn. Bí ó bá dé ibi tó wú, á ṣí. Inú ọ̀pá yìí ni ẹ̀jẹ̀ á máa gbà, kò tún ní máa lu ibi tó fẹ́lẹ́ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló gbà á ṣá. Bí kòkòrò mìíràn bá ti mú kí iṣan náà kẹ̀, ọ̀pá ọ̀hún lè kó o, dókítà sì lè yan abẹ. Ọ̀pá kì í wo HIV. Oògùn ojoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dúró. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún á sì máa padà lọ ya àwòrán, nítorí iṣan mìíràn lè wú.