ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ: Bí A Ṣe Lè Mú Kí Bíréèkì Iwájú Alùpùpù Lágbára Sí I Láì Pààrọ̀ Rímù Onísípóòkù

Akẹ́kọ̀ọ́, irú àròkọ yìí kò fẹ́ ìtàn, kò sì fẹ́ àríyànjiyàn. Sọ ohun tí a ń ṣe ní ẹsẹẹsẹ, kí o sì sọ ìdí rẹ̀. Orúkọ tí mẹkáníìkì àdúgbò rẹ ń pe irinṣẹ́ ni kí o lò.

Ìlapa Èrò
(a) Ìwúlò bíréèkì iwájú
(b) Àyẹ̀wò bíréèkì àtijọ́
(d) Ìdí tí a fi lè fi sípóòkù sílẹ̀
(e) Bí a ṣe ń gbé díìsì wọlé
(ẹ) Ìdánwò àti ìkádìí

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Láti Ẹ̀rúnmu dé àwọn abúlé oko tó yí i ká, alùpùpù ń gbé èèyàn, ó ń gbé ẹrù. Nígbà tí ọlọ́kadà bá tẹ bíréèkì, ìwúwo gbogbo wọn á rọ́ síwájú. Ìdí nìyí tí bíréèkì iwájú fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréèkì yóò fi dá ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. A kì í sì í fi bíréèkì tí kò mú gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Kí a tó náwó, kí a yẹ ti àtijọ́ wò. Nínú họ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ alùpùpù, ṣúù méjì ló ń là sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Bí ṣúù bá ti jẹ, bí ọ́ìlì bá kán sí i, tàbí bí wáyà rẹ̀ bá ń há, kò ní mú. Ṣúù àti wáyà tuntun nìkan lè tó.

Bí kò bá tó, a lè lo díìsì. Àwọn kan rò pé dandan ni kí a ra rímù aláìnísípóòkù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Honda CB750 tó jáde ní 1969 ní díìsì níwájú, sípóòkù ló sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Lójú ọ̀nà oko, sípóòkù tó bá dá nìkan ni a ó pààrọ̀. Ṣùgbọ́n rímù dídà tó bá sán kò ṣe é fọkàn tán mọ́.

Họ́ọ̀bù ni a ó pààrọ̀. A ó wá èyí tó ní ibi ìdè díìsì, tí iye ihò rẹ̀ sì bá ti rímù mu: 36 pẹ̀lú 36. Nítorí pé họ́ọ̀bù kò tóbi bákan náà, a ó wọn gígùn sípóòkù kí a tó rà á. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò hun ún, yóò sì fà á títí rímù kò fi ní máa jó bó bá ń yí. Lẹ́yìn èyí, a ó fi fọ́ọ̀kì tó ní ibi ìdè kálípà sí i, kí díìsì lè wà láàárín páàdì méjèèjì. Ọ́ìlì bíréèkì ni a ó bu sí i, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. A ó sì lé atẹ́gùn jáde pátápátá. Bó bá kù, ọwọ́ bíréèkì á rọ̀ bíi tìmùtìmù.

Ní ìparí, kí a dán an wò lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, pẹ̀lú eré díẹ̀, láì gbé ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó bá dúró dáadáa ni kí a tó pe èrò.

Àkíyèsí: Kókó kan ni ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé. Wo iṣẹ́ tí "kí a tó", "nítorí pé" àti "lẹ́yìn èyí" ṣe.

Iṣẹ́ Ṣíṣe: Kọ àròkọ alálàyé lórí "Bí a ṣe ń lẹ táyà tó jò".