Ìlera Ogúnléndé: Ilé Ìwòsàn Alábọ́dé Ni Ẹnu Ọ̀nà Àkọ́kọ́

Ní Shika, nítòsí Zaria ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà. Láti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní àríwá ni wọ́n ti ń gbé àwọn tí àìsàn wọn le wá síbẹ̀. Giwa àti Birnin Gwari, ní ìpínlẹ̀ kan náà, sì wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn agbébọn ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò ní abúlé wọn ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ẹni tó bá sá dé agbègbè náà lè rò pé níwọ̀n ìgbà tí ilé ìwòsàn ńlá ti wà nítòsí, ìṣòro ìlera òun ti dópin. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni ẹnu ọ̀nà ìkẹyìn; ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní àdúgbò ni ti àkọ́kọ́.

Ta ni ogúnléndé?

Lábẹ́ òfin àgbáyé, ẹni tó sá kọjá ààlà orílẹ̀-èdè rẹ̀ nìkan ni òfin àwọn ogúnléndé dá mọ̀. Ẹni tó sá kúrò nílé ṣùgbọ́n tó ṣì wà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà ní ìpín mìíràn. Ìpín kejì yìí ni Àdéhùn Kampala, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní ọdún 2009, wà fún. Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà á ní ọdún 2012. Òfin ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n nílò fún ìlera wọn kò yàtọ̀.

Kí ni ìlera alábọ́dé?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, ìpàdé àgbáyé kan wáyé ní ìlú Alma-Ata, tó wà ní Kazakhstan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé ìpìlẹ̀ ìlera ni ìtọ́jú tó súnmọ́ ibi tí ènìyàn ń gbé, tí owó rẹ̀ kò ju agbára lọ, tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn sì ń kópa nínú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ló fi ìlànà náà lélẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 52 gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe.

Ẹ̀kọ́ láti Guinea

Láti ọdún 1990, ogun Liberia, àti ti Sierra Leone tó tẹ̀lé e, lé nǹkan bí 500,000 ènìyàn wọ orílẹ̀-èdè Guinea. Ìjọba Guinea gbà kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sáàárín àwọn ará abúlé, bíi ti agbègbè Guéckédou. Ilé ìwòsàn tí àwọn onílé ń lò ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún àwọn àlejò náà. Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde ní ọdún 1998 fi hàn pé, ní ibi tí ogúnléndé pọ̀ sí, àwọn obìnrin onílé pàápàá túbọ̀ ń rí iṣẹ́ abẹ gbà nígbà tí ìbímọ bá le. Ọkọ̀ àti ètò ìtọ́jú tí wọ́n mú gbòòrò nítorí àlejò ni onílé náà jàǹfààní rẹ̀.

Nàìjíríà pẹ̀lú ti gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Oru ní ìpínlẹ̀ Ogun gba àwọn ará Liberia ní ọdún 1990. Adagom ní Ogoja, ìpínlẹ̀ Cross River, gba àwọn ará Cameroon ní ọdún 2018.

Àwọn ìgbésẹ̀ tó yẹ

Àkọ́kọ́ ni kíka iye àwọn tó dé. Iye ènìyàn ni wọ́n fi ń pín abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn, nítorí náà ọmọ tí a kò kà lè má rí tirẹ̀ gbà.

Èkejì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá há mọ́ra, wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ láti oṣù 6 títí dé ọdún 15.

Ẹ̀kẹta ni wíwọn apá àwọn ọmọ oṣù 6 sí 59. Ọmọ tí òbírí apá rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 wà nínú ewu ńlá nítorí àìjẹunkánú.

Ẹ̀kẹrin ni omi mímọ́ àti ilé ìgbẹ́, kí àrùn onígbáméjì má baà wọlé. Ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru nílò omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú oògùn zinc fún ọjọ́ 10 sí 14.

Ẹ̀karùn-ún ni yíyan olùrànlọ́wọ́ láàárín àwọn àlejò fúnra wọn. Ẹni tó gbọ́ èdè wọn, tó sì mọ ohun tí ojú wọn ti rí, ni yóò mọ aboyún tó ń fara pamọ́ àti ẹni tí ìbẹ̀rù kò jẹ́ kó sùn.

Ìgbà wo ni ilé ìwòsàn ńlá kàn?

Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí gìrì mú, tàbí tí orí ń fọ́ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kò gbọdọ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kò lè mu ọmú mọ́, tó ń bi gbogbo ohun tó jẹ, tàbí tí kò ṣeé jí. Nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí àdúgbò ni yóò kọ ìwé fún wọn, tí yóò sì fi wọ́n ránṣẹ́ síwájú. Bí ẹni tó ní ibà lásán bá kún ilé ìwòsàn Shika, ààyè ẹni tó ń kú lọ ni yóò gbà.

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ rí i pé àwọn tí a lé kúrò nílé wà lára àwọn tí owó náà ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Èéyi tó mú ọmọ àlejò kò ní ṣàì kan ilẹ̀kùn onílé. Nítorí náà, bí àlejò bá wọ àdúgbò, kí onílé tètè fi ọ̀nà ilé ìwòsàn alábọ́dé hàn án, kí àlejò náà sì forúkọ tọmọ-tìyá sílẹ̀ níbẹ̀ kí àìsàn tó dé.